Ọlidé Tí Mo Fi Ṣọ́ Igi Ẹ̀gbà Létí Omi Snake Island

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́lidé tó kọjá fún yín. Mi ò tíì sọ ọ́ síta rí. Àwọn kan ti ń gbé e kiri ní àdúgbò pé mo já sínú omi. Àwọn kan ní kànga ni wọ́n ti fà mí yọ. Kànga wo? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ará Ìsẹ́yìn ni bàbá mi, mùsùlùmí ni wọ́n. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá mi, àwọn sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Apapa ni àwọn méjèèjì ti pàdé, nígbà tí màmá mi ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù. Tírélà ni bàbá mi ń wà. Kọ̀nténà ni wọ́n ń gbé láti wáàfù lọ sí òkè ọya lọ́hùn-ún. Èmi ni Bàrákátù, Bàrákà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ẹ̀kọ́ nípa igi àti ewéko ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe gbọ́ ewéko yẹn, àgbo ló wá sí yín lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa. Mama Ebuka tí yàrá tiwọn kángun sí tiwa kì í pè mí lórúkọ mọ́. Wọ́n á ní, "Doctor Leaf, how far? You don find the leaf wey dey cure landlord?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ wa kan, obìnrin ni wọ́n, Dókítà la máa ń pè wọ́n, wọ kíláàsì wa nígbà tí ọlidé gígùn ń sún mọ́lé. Wọ́n ní àǹfààní kan wà fún àwa tí a ò tíì gboyè. A máa fi ọlidé ṣe rìsáàṣì gidi, kì í ṣe ti inú ìwé. Inú igbó ńlá kan lápá Oǹdó ni a máa wà. A máa sùn síbẹ̀, a máa wọn igi, a máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo irú èyí tó ti fẹ́ tán nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó kọ ìdí tó fi fẹ́.

Mo kọ tèmi. Mo tún un kọ. Nígbà tí orúkọ mi jáde, ṣé ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó? Gbogbo òpópónà wa ló gbọ́. Mo sọ fún ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata, mo sọ fún àwọn tá a jọ ń pọn omi. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ń lọ gbé nínú igbó, níbi tí ẹyẹ ti ń ké, tí kò sí jẹnẹrétọ̀!

Àfi bí Dókítà ṣe pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ ti di méjì. Wọ́n ti gbin àwọn ọmọ igi ẹ̀gbà sí etí omi kan ní Snake Island, erékùṣù tó kọjú sí wáàfù Apapa, wọ́n nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn, kó máa wo èyí tó yè àti èyí tó kú, kó sì wá ìdí rẹ̀. Wọ́n ní nítorí pé ilé mi ò jìnnà síbẹ̀, èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ìdòwú ni àwọn fẹ́ fi síbẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo mọ àyíká yẹn jù.

Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Òórùn omi yẹn nìkan ni mo mọ̀, nígbà tí atẹ́gùn bá gbé e wá láti ìhà wáàfù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde, mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Gbogbo èèyàn ń lọ sígbó, èmi ń padà sílé!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé igi yìí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Igi ẹ̀gbà kì í gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú ẹrẹ̀ ló ń gbé, níbi tí omi iyọ̀ ti ń kún tó sì ń fà. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í rì sílẹ̀ bíi ti igi yòókù, ṣe ló máa ń yọ sókè, tó máa tẹ̀ kọdọrọ bí ẹsẹ̀ alántakùn. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni ẹja ń yé ẹyin sí, òun ló sì ń di ilẹ̀ mú kí omi má baà wó o lọ. Tẹ́lẹ̀, ó pọ̀ yí gbogbo etí omi wa ká. Wọ́n gé e dáná, wọ́n gé e kọ́lé, wọ́n gé e kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin òmíràn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Dókítà fúnra wọn mú èmi àti Ìdòwú lọ. Wọ́n fi bí a ṣe ń wọn ọmọ igi hàn wá, wọ́n fi ibi tí ilẹ̀ ti le hàn wá, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni kan ò gbọ́dọ̀ dá kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bá àwọn yòókù lọ sígbó. Kò pẹ́ tí ara Ìdòwú ò fi yá. Tàífọ́ọ̀dì ni. Màmá rẹ̀ wá mú un lọ sí Abẹ́òkúta, kò sì padà wá mọ́. Dókítà pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àwọn máa wá ẹlòmíràn fún mi. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ dúró dè é nílé, kò burú. Mo ní rárá, màá máa lọ. Tí mo bá dúró nílé, kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Ẹlòmíràn náà ò sì dé.

Nílé tí mò ń wí yìí, kò séèyàn. Ìyá ìyá mi ṣubú ní Ògbómọ̀ṣọ́, egungun ìdí wọn dá, màmá mi sì kó àwọn àbúrò mi lọ tọ́jú wọn. Bàbá mi wà lórí ìlà tírélà ní Creek Road. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Apapa, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Awakọ̀ á tò, á jẹun nínú ọkọ̀, á sùn nínú ọkọ̀, á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kàn án láti wọ wáàfù. Tó bá kúrò lórí ìlà, ẹ̀yìn pátápátá ló máa padà sí.

Mo ti máa ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ pé kí n ní yàrá yẹn fún èmi nìkan lọ́jọ́ kan. Mo wá ní i tán, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Tí mo bá se ìrẹsì, ọwọ́ mi á ṣì wọ̀n ọ́n fún gbogbo ilé. Mo jẹ ẹ́ lánàá, mo jẹ ẹ́ lónìí, màá tún bá a nínú ìkòkò lọ́la. Ẹ̀rín àwọn ọmọ Mama Ebuka ń wọlé láti ara ògiri, èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín ohun tí mi ò mọ̀.

Ti Wásáàpù ló burú jù. Gbogbo ìgbà ni fọ́tò ń wọlé láti inú igbó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbá ara wọn mú nídìí ìrókò, wọ́n ń sun iṣu, wọ́n ń fún ara wọn ní ìnagijẹ. Tọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, kọ́kọ́ máa ń bi mí bí ọ̀dọ̀ tèmi ṣe rí. Nígbà tó yá, "lol" nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Nígbà tó tún yá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà wọ́n láyè mọ́. Mi ò bá a wí. Kí lèmi náà fẹ́ fi ránṣẹ́? Fọ́tò ẹrẹ̀?

Láràárọ̀, màá wọ kẹ̀kẹ́ títí dé ibi tó bá lè dé, màá wá fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà lọ sí jẹ́tì kékeré kan níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò. Ọ̀kan nínú àwọn tírélà yẹn, ti bàbá mi ni. Ẹ ó béèrè pé ṣé mo máa ń yà kí wọn. N kì í yà. Ìdí rẹ̀ ni pé bàbá mi ò mọ̀ pé orí omi ni mò ń lọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé rìsáàṣì mi wá sí Apapa, inú wọn dùn. Wọ́n rò pé ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road ni, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Bàbá tó fẹ́ kí n kọ́ nọ́ọ̀sì, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé inú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni mò ń lọ? Mo bá dákẹ́. Tí mo bá ti ń sún mọ́ tírélà wọn, màá yára rìn.

Bàbá Sùnmọ́nù ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé mi kọjá. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, ó parí. Wọ́n á já mi sílẹ̀, wọ́n á lọ wá èrò mìíràn, wọ́n á padà wá gbé mi lọ́sàn-án kí omi tó kún.

Mo sì máa wà níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ irú ìdánìkanwà tó jẹ́ pé ẹ ń rí èèyàn, ṣùgbọ́n èèyàn ò rí yín? Mò ń rí kíréènì wáàfù Tin Can ní òdìkejì tó ń gbé kọ̀nténà bí ọmọdé ṣe ń gbé páálí ìṣáná. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọkọ̀ ńlá á kọjá, ìgbì rẹ̀ á wá fọ ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan lórí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà títí ọkọ̀ fi kọjá, títí mi ò fi rí i mọ́. Inú mi dùn di alẹ́. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kí ni mo fẹ́ ní ó ṣẹlẹ̀? Pé ẹnì kan juwọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ọmọ igi yẹn sọ̀rọ̀. Tí mo bá dé, màá ní ẹ káàárọ̀ o. Màá bú nylon piọ́ wọ́tà tó bá wé mọ́ wọn lọ́rùn, nítorí nylon yẹn ló ń pa wọ́n jù. Omi á gbé e wá láti ìgboro, á dà á bo ọmọ igi, ìyẹn ò ní rí oòrùn, ewé rẹ̀ á pọ́n, á rọ. Mò ń já wọn kúrò lójoojúmọ́, omi sì ń kó òmíràn wá. Nígbà tí ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù kú, mo sunkún. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú.

Ó wá kan ọjọ́ náà.

Omi fà lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe máa ń fà lọ. Ó fà débi pé àwọn ọmọ igi tó wà lápá òkun, tí n kì í rí àyàfi láti ọ̀ọ́kán, hàn síta pátápátá. Nylon dúdú ńlá kan ti bo mẹ́ta nínú wọn. Bàbá Sùnmọ́nù ò sì tíì dé. Mo wo ilẹ̀ náà, ó ń dán, ó jọ pé ó le. Mo ní kò jìnnà, ṣebí kí n sáré já a kúrò ni.

Mo já a kúrò lóòótọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ padà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọlé dé orúnkún. Mo fi ẹsẹ̀ òsì tì í kí n lè rí agbára, ìyẹn náà wọlé. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo fà á, ẹrẹ̀ náà fà mí. Bí mo ṣe ń jà ni mò ń wọlé sí i, títí ó fi dé itan mi. Búùtù rọ́bà tí mo wọ̀ ti kún, ó wúwo bí òkúta. Mo pariwo. Àwọn tó ń lu irin ń lu irin lọ.

Mo wá rí i pé omi ti yí padà. Kò pariwo wá o. Ó kàn ń yọ́ bọ̀, ó ń yí àwọn ihò akàn ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù mi wà nínú nylon lọ́rùn mi. Mo pe Dókítà, ó ń dún, wọn ò gbé e. Mo pe Tọ́pẹ́, kò wọlé. Mo pe Bàbá Sùnmọ́nù, wọ́n gbé e, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kú sórí omi, àwọn ń wá ẹni tí yóò wọ́ àwọn, kí n ṣe sùúrù. Kí n tó lè sọ pé mi ò sí lórí ilẹ̀ líle, fóònù ti já. Màmá mi ńkọ́? Wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá pè wọ́n, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn á di aláìsàn.

Mo wá ń wo orúkọ inú fóònù mi. Orúkọ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ kíláàsì, ọmọ àdúgbò, ọmọ ìjọ, ọmọ ilé kéú. Mò ń kà á lọ, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tí mo bá pè nínú wọn, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé: kí lo lọ ṣe níbẹ̀? Mi ò sì ní àkókò láti ṣàlàyé igi ẹ̀gbà fún ẹnikẹ́ni.

Mo pe bàbá mi.

Mo ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mo wà nínú ẹrẹ̀ ní Snake Island, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ẹsẹ̀ mi ò yọ mọ́. Omi ń kún bọ̀."

Mò ń gbọ́ fèrè tírélà lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, "Ibo ni omi dé lára rẹ?"

Mo ní ó ti dé ìbàdí.

"Má jà á. Má fi agbára fa ẹsẹ̀. Ohun tó bá wà nítòsí rẹ, dì í mú. Mò ń bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: bàbá mi ò bi mí pé kí ni mo lọ ṣe níbẹ̀.

Igi ẹ̀gbà àgbà kan wà lẹ́yìn mi. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn sórí omi, mo na ọwọ́, ìka mi kan gbòǹgbò rẹ̀. Mo dì í mú. Bí mo ṣe fẹ̀yìn yẹn ni mi ò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè jáde. Omi dé ikùn mi, ó dé abẹ́ ọmú mi. Bátìrì fóònù kú. Mo ka Sáàmù tí màmá mi kọ́ mi, nígbà tí mi ò rántí ìyókù, mo bọ́ sínú àdúà tí bàbá mi kọ́ mi. Mo rò ó pé Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ méjèèjì. Mo tún rò ó pé ká ní mi ò rí bàbá mi pè ni, Warehouse Road ni wọn ì bá máa wá òkú mi. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Pé wọn ì bá má mọ ibi tí wọ́n máa wá mi sí.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Omi ti kan èjìká mi nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ àwọn apẹja ni. Apẹja méjì wà nínú rẹ̀, bàbá mi sì wà níwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tí ọkọ̀ náà fẹ́ sá lọ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ rántí pé ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń gbé ẹrù kúrò létí omi, wọn ò gun ọkọ̀ ojú omi rí, wọn ò sì mọ omi í wẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ń di tapólì mọ́ ẹrù wà lọ́rùn wọn.

Àwọn apẹja náà ju pákó sórí omi, ọ̀kan nínú wọn fi àyà lé e wá dé ọ̀dọ̀ mi, ó so okùn náà mọ́ mi lábẹ́ abíyá. Ó ní kí n máa mi ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀ kí omi lè wọ àárín ẹsẹ̀ àti ẹrẹ̀, kí n má fà á. Bàbá mi ń fa okùn látinú ọkọ̀. Mò ń gbọ́ èémí wọn. Ẹsẹ̀ mi yọ nínú búùtù, búùtù ò bá mi bọ̀. Nígbà tí wọ́n fà mí wọnú ọkọ̀, bàbá mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fi nu ojú mi.

Nígbà tí a dé Creek Road, ìlà ti sún. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn bàbá mi ti gbìyànjú láti bẹ̀bẹ̀ fún wọn, àwọn tó ń darí ìlà ò gbọ́. Wọ́n ti ti tírélà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti fi jókòó síbẹ̀, ó di asán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n gòkè wá kí òtútù má mú mi.

Mi ò jókòó nínú tírélà yẹn mọ́ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn bò mí, wọ́n po tíì fún mi látinú fúláàsì. Wọ́n ní, "Ta ló máa ń bá ẹ lọ síbẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń bá mi lọ.

"Ta lo wá ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

Ojú tì mí. Mo ní àwọn igi náà ni.

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú wọn bí ẹni ń fọwọ́ ra orí màlúù. Wọ́n ní, "Èmi, eléyìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá jí, màá kí i. Tí ìlà bá sún, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá rẹ ò mọ̀ o."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tí mi ò tíì gbàgbé. Wọ́n ní àwọn máa ń rí mi láràárọ̀. Látòkè tí àwọn jókòó sí, àwọn á rí mi tí màá gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí màá wá yára rìn tí mo bá ti sún mọ́ ọkọ̀ àwọn. Wọ́n ní àwọn rò ó pé mi ò fẹ́ kí àwọn ará ọ́fíìsì mi mọ̀ pé awakọ̀ tírélà ni bàbá mi. Ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi pè mí. Wọ́n ní àwọn kàn máa ń wò mí títí màá fi kọjá.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún nínú ẹrẹ̀ lọ. Mo ní bàbá mi, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí igbó Oǹdó títí dé orí nylon. Wọ́n tẹ́tí sí mi. Wọ́n bi mí pé irú igi wo ni, kí ló ń jẹ. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni ẹja ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Nínú tírélà yẹn ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ mi láti ìgbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Dókítà gbọ́, wọ́n fẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró dè mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀. Bàbá Sùnmọ́nù sì dúró dè mí títí iṣẹ́ náà fi parí. Wọ́n á dojú fìlà délẹ̀, wọ́n á sùn. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ síbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ibẹ̀ di ilé ayọ̀. Ó ṣì dá wáí. Bàbá mi ti rí ìlà mìíràn tò, wọ́n ti gbé ẹrù lọ sí Kánò.

Ìgbà tí a padà sí yunifásítì, a ṣàlàyé ohun tí a rí fún gbogbo ẹ̀ka wa. Àwọn ará igbó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n ń dá àpárá tí àwọn nìkan mọ̀. Èmi dìde. Mo fi hàn wọ́n pé àwọn ọmọ igi tó wà lábẹ́ òjìji àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú wọn yè, nítorí gbòǹgbò àwọn àgbà ló ń gba nylon dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó dá wà lójú omi gbalasa, díẹ̀ ló kù. Ẹ má fi ṣòwe o, bí mo ṣe rí i ni mo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó mọ níwọ̀n. Ẹnì kan béèrè bóyá Èkó ni fọ́tò yẹn lóòótọ́. Nígbà tí a jáde, wọ́n ń ya fọ́tò àjọyà, èmi ni wọ́n fún ní fóònù pé kí n bá àwọn yà á.

Bàbá mi pè láti ọ̀nà. Wọ́n ní ṣé àwọn èèyàn náà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún àwọn náà bí mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, tí irú àǹfààní báyìí bá yọjú, ẹ kọ orúkọ yín. Kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín ni wọ́n gbé yín lọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé ta la jọ ń lọ, ta ló máa dúró dè mí. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ ń tẹ ẹsẹ̀ sí gan-an, kì í ṣe ibi tó dùn ún gbọ́. Mo rò pé bàbá mi ò ní fẹ́ gbọ́. Àwọn náà rò pé mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí. Àwa méjèèjì wà lójú ọ̀nà kan náà láràárọ̀, olúkúlùkù ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ pè lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tí ẹ lè pè? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ó wù kó gùn. Mò ń kà á, màá sì dáhùn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.